Ẹ̀rọ ìwọn-ìfúnpá nílé: nọ́ńbà mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, èwo la ó kọ sílẹ̀?

Olùtọ́jú_Àgbà:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Ẹ̀rọ ìwọn-ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tí à ń wé mọ́ apá òkè ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ẹni ọdún 67 ni à ń fi wọ̀n. Ẹ̀rọ kan náà, apá kan náà, orí àga kan náà: ó kọ́kọ́ gbé 152/94 jáde, lẹ́ẹ̀kejì 141/88, lẹ́ẹ̀kẹta 136/85. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ṣé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ ni? Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni ká kọ sínú ìwé tí dókítà fẹ́ rí? Ìgbà wo ló sì yẹ ká máa wọ̀n ọ́n lóòjọ́?

Nọ́ọ̀sì_Wọ́ọ̀dù:
Ẹ káàbọ̀. Ẹ má tíì di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ. Ìfúnpá kì í ṣe gíga èèyàn tí ẹ óò wọ̀n lónìí tí ẹ óò tún bá a bẹ́ẹ̀ lọ́la. Bí ọkàn ṣe ń lù, bí èémí ṣe ń wọlé tó ń jáde, ló ń yí padà. Ìgbà àkọ́kọ́ ló sì sábà máa ń ga jù, torí pé ara kò tíì balẹ̀.

Ohun tí ẹ kò sọ ni bí ẹni náà ṣe jókòó. Ibẹ̀ ni ìṣòro ti máa ń wá jù. Ẹ jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú 5 gbáko, kó fẹ̀yìn ti àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kó má gbé ẹsẹ̀ kọ́ ara wọn. Kí apá rẹ̀ sinmi lórí tábìlì, kí àárín kọ́ọ̀fù (aṣọ tí à ń wé mọ́ apá yẹn) dọ́gba pẹ̀lú àyà níbi tí ọkàn wà. Kó má sọ̀rọ̀, kí ẹ̀yin náà má bi í ní nǹkan kan. Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ṣáájú, kò gbọdọ̀ mu kọfí, kò gbọdọ̀ mu sìgá, kò gbọdọ̀ ṣe eré ìdárayá. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n, kó lọ tọ̀ ná.

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni: ọ̀rọ̀ sísọ nìkan lè fi nǹkan bíi 10 mmHg (mìlímítà mẹ́kúrì, ìwọ̀n tí à ń fi ka ìfúnpá) kún nọ́ńbà òkè, ìyẹn èyí tó ṣáájú, bíi 152 nínú 152/94. Ìtọ̀ tó kún inú náà lè fi 10 kún un. Apá tí kò ní ohun tó gbé e ró, 10 mìíràn. Ẹsẹ̀ tí a gbé kọ́ ara wọn, 2 sí 8. Ẹ kò nílò ju méjì nínú wọn lọ tí ẹni tí ara rẹ̀ dá fi máa di ẹni tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru.

Atúnẹ̀rọṣe:
Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti sọ ti ara, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀rọ, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ńṣe ni ó ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Láyé àtijọ́, dókítà ló ń gbọ́. Riva-Rocci, ará Ítálì, ló gbé kọ́ọ̀fù àti ọ̀pá mẹ́kúrì jáde ní 1896. Ní 1905, Korotkov ní Rọ́ṣíà wá fi hàn pé béèyàn bá ki ohun ìgbọ́ran sí apá lábẹ́ kọ́ọ̀fù, yóò gbọ́ ìró tó máa bẹ̀rẹ̀ níbi nọ́ńbà òkè, tí yóò sì dákẹ́ níbi nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Ìdí tí mmHg fi ṣì ń bá nọ́ńbà wa rìn nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́kúrì kò sí nínú ẹ̀rọ tuntun.

Ẹ̀rọ inú ilé yàtọ̀. Páǹpù kékeré inú rẹ̀ á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú kọ́ọ̀fù títí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ apá fi dí pa. Fáàfù á wá máa tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń rọ́nà kọjá, iṣan á máa ta kìì kìì, títa yẹn á sì máa mi afẹ́fẹ́ inú kọ́ọ̀fù. Mímì yẹn ni ẹ̀rọ ń kà. Á kọ́kọ́ kéré, á ga dé góńgó, á tún rọlẹ̀. Ibi góńgó yẹn ni ìfúnpá àárín, òun nìkan ni ẹ̀rọ rí ní ti gidi. Nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀ tí ẹ ń kà lójú ẹ̀rọ, ìṣirò ló fi yọ wọ́n. Olúkúlùkù ilé-iṣẹ́ ló ní ìlànà ìṣirò tirẹ̀, wọn kì í sì í sọ ọ́ síta. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀ bá fi 4 tàbí 5 ju ara wọn lọ, kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan bàjẹ́.

Ó tún jẹ́ ká mọ ìdí tí ọwọ́ kò fi gbọdọ̀ mì. Ìka tí ẹ bá mì, ẹ̀rín tí ẹ bá rín, kódà ọkọ̀ tó ń gbọ̀n, gbogbo rẹ̀ ń mi afẹ́fẹ́ kan náà. Ẹ̀rọ kò mọ èyí tó ti ọ̀dọ̀ ọkàn wá yàtọ̀ sí èyí tó ti ọ̀dọ̀ ẹ̀rín wá.

Olùtọ́jú_Àgbà:
Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀fù ń kọ mí lóminú. Apá ẹni náà tóbi díẹ̀, a máa ń fipá fà á kó tó lè lẹ̀. Ṣé ìyẹn náà lè kó bá a?

Nọ́ọ̀sì_Wọ́ọ̀dù:
Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ wá sọ ohun tó ṣe kókó. Kọ́ọ̀fù tó kéré fún apá máa ń gbé nọ́ńbà sókè ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì lè fi 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ gbé e lọ bí apá bá tóbi dáadáa. Ìdí ni pé rọ́bà inú rẹ̀ kò yí apá ká tó, ẹ̀rọ á nílò agbára púpọ̀ sí i kó tó lè dí iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, agbára àfikún yẹn ni ó ń kà mọ́ ti ẹ̀jẹ̀. Èyí tó tóbi jù máa ń rẹ nọ́ńbà sílẹ̀, ṣùgbọ́n àṣìṣe tirẹ̀ kì í tó ti kékeré.

Ẹ mú okùn ìwọ̀n tí àwọn aránṣọ ń lò. Ẹ wá eegun orí èjìká àti ṣóńṣó ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ pín àárín wọn sí méjì, ibẹ̀ ni kí ẹ ti wọn àyíká apá. Ẹ má fún okùn náà mọ́ apá, ẹ má sì jẹ́ kó dẹ̀. Bó bá wà láàárín 22 sí 32 sẹ̀ǹtímítà, kọ́ọ̀fù tó bá ẹ̀rọ wá sábà máa ń tó o. Bó bá kọjá 32, ẹ béèrè fún ńlá, èyí tó sábà máa ń gba 32 sí 42. Wọ́n ń tẹ ìwọ̀n yìí sára kọ́ọ̀fù fúnra rẹ̀, kí ẹ kà á. Rọ́bà inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí tó ìdá 80 nínú 100 àyíká apá. Kí ẹ sì ra ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ yín o. Ìṣirò tí ẹ̀gbọ́n Atúnẹ̀rọṣe ń sọ yẹn, kọ́ọ̀fù ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n fi ṣe é.

Bí ẹ bá ń wé e: orí awọ ara gan-an, kì í ṣe orí aṣọ. Ẹ má ká apá aṣọ sókè kó fún bí okùn. Ẹ bọ́ apá kan aṣọ náà ni. Etí ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀fù á wà ní 2 sí 3 sẹ̀ǹtímítà sókè ibi tí apá ti ń ṣẹ́. Rọ́bà tó so mọ́ ọn á wá sí ìhà inú apá, lójú ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń lù. Bí ìka méjì bá lè wọ abẹ́ rẹ̀, ó ti tó.

Ọmọ_Ìgbàlódé:
Ẹ̀yin àgbà, ṣé kò ní rọrùn ká kàn máa kọ èyí tó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ara ti balẹ̀ nígbà yẹn, òun ni òótọ́.

Aláròpọ̀:
Àbúrò, rárá. Bí ẹ bá ń ṣa èyí tó wù yín, ìwé tí dókítà máa rí á dára, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ru lọ lábẹ́lẹ̀. Ẹlòmíràn náà á máa ṣa èyí tó ga jù, wọ́n á sì fún un ní oògùn tí kò nílò. Ìlànà wà fún un, kò sì le.

Ọjọ́ 7 tẹ̀ léra ni, ọjọ́ 3 ni ó kéré tán. Òwúrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, alẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú 1 wà láàárín ìkíní àti ìkejì. Ti òwúrọ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti tọ̀, kó tó jẹun, kó tó lo oògùn ìfúnpá tó bá ní. Ti alẹ́, kó tó sùn. Gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 28. Ti ọjọ́ kìíní, ẹ fagi lé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí pé ẹ̀rọ kò tíì mọ́ni lára lọ́jọ́ yẹn. Á ku 24. Ẹ ro nọ́ńbà òkè gbogbo wọn pọ̀, ẹ fi 24 pín in. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti ìsàlẹ̀. Ohun tó bá jáde ni ìfúnpá ẹni náà. Mẹ́ta tí ẹ kọ síbí, bí a bá fi ìkíní sílẹ̀, méjì tó kù á fún wa ní nǹkan bíi 139/87. Ṣùgbọ́n ìjókòó kan ṣoṣo nìyẹn, ẹ kò lè fi í dájọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó bá rí 137 tó kọ 140, tó rí 133 tó kọ 130, òun àti ẹ̀rọ ò jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà mọ́.

Lórí ààlà: 140/90 tí gbogbo èèyàn mọ̀, ti ọ́fíìsì dókítà ni. Nílé, 135/85 ni ọ̀pọ̀ ìlànà ń lò, torí pé ara máa ń balẹ̀ nílé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 2017 ni àwọn onímọ̀ ọkàn ní Amẹ́ríkà ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 130/80. Ẹ bi dókítà yín èwo ló ń lò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìjayà.

Nọ́ọ̀sì_Wọ́ọ̀dù:
Mo kín Aláròpọ̀ lẹ́yìn. Àwọn kan wà tí ìfúnpá wọn máa ń ga kìkì níwájú ẹni tó wọ aṣọ funfun. Àwọn mìíràn, níwájú dókítà ló máa ń dára, ilé ló ti ń ga. Ẹgbẹ́ kejì yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí kò sẹ́ni tó ń fura sí wọn. Ìwé ọjọ́ 7 yẹn ló ń tú wọn fó.

Ọmọ_Ìgbàlódé:
Ó yé mi, ẹ ṣeun. Ti èyí tí à ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ ńkọ́? Àti aago tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀? Àwọn yẹn kò ní wàhálà kọ́ọ̀fù.

Atúnẹ̀rọṣe:
Wàhálà wọn wà níbòmíràn. Ẹ̀jẹ̀ wúwo bí omi ṣe wúwo. Bí ibi tí ẹ ti ń wọ̀n bá fi 10 sẹ̀ǹtímítà rẹlẹ̀ sí ọkàn, nọ́ńbà á fi bíi 7 tàbí 8 mmHg ga ju bó ṣe yẹ. Bó bá fi 10 ga ju ọkàn lọ, á fi iye kan náà dínkù. Apá òkè ti wà nítòsí ọkàn tẹ́lẹ̀, àyè àṣìṣe rẹ̀ kéré. Ọrùn ọwọ́ lè wà lórí itan, lórí tábìlì, níwájú àyà. Láti itan dé àyà lè tó 25 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ ṣírò ohun tí ìyẹn máa jẹ́. Ẹni tí apá rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí kọ́ọ̀fù tó gbà á, òun nìkan ni mo máa ní kó lo ti ọrùn ọwọ́, kó sì gbé ọwọ́ náà sókè dé àyà, kí ohun kan gbé ìgbọ̀nwọ́ ró.

Aago ńkọ́? Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò wọn ìfúnpá rárá. Iná kékeré ni wọ́n ń tàn sí awọ ara, wọ́n ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń kún tó ń fà, wọ́n wá ń fi ìyẹn méfò ìfúnpá. Ìdí tí wọ́n fi máa ń ní kí ẹ fi ẹ̀rọ oníkọ́ọ̀fù tọ́ wọn sọ́nà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin nìyẹn. Bí ẹ bá ti ní ẹ̀rọ oníkọ́ọ̀fù tí ẹ máa fi tọ́ aago sọ́nà, kí ló dé tí ẹ kò kàn lo ẹ̀rọ náà? Fún lílù ọkàn, aago dára. Fún ìfúnpá, mi ò tíì gbà á gbọ́.

Apòògùn_Alẹ́:
Ẹ jẹ́ kí n fi èyí há a. Kí ẹ tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ ń ru, ẹ wo oògùn tí ẹni náà ń lò. Ibuprofen àti diclofenac tí wọ́n ń lò fún ìrora orúnkún máa ń gbé ìfúnpá sókè, wọ́n sì lè dín agbára oògùn ìfúnpá kù. Oògùn imú dídí tó ní pseudoephedrine náà ń gbé e sókè. Prednisolone, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn oògùn tí à ń jù sínú omi tó ń hó ṣùùù, ọ̀pọ̀ wọn ní iyọ̀ sódíọ̀mù púpọ̀ nínú. Ẹ má fúnra yín dá oògùn tí dókítà kọ dúró o. Ẹ kàn kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ọjọ́ náà.

Olùtọ́jú_Àgbà:
Diclofenac wà níbẹ̀. A ti kọ ọ́. Nǹkan méjì tó kù: ẹ̀rọ máa ń kọ "E" nígbà mìíràn, ó sì máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́, á tún dá dúró, á tún fẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó máa ń gbé àmì ọkàn kan tó ń ṣẹ́jú jáde.

Atúnẹ̀rọṣe:
"E" àti fífẹ́ lẹ́ẹ̀mejì: nígbà mìíràn, ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ dé ibì kan, ó rí i pé iṣan kò tíì dí, ó tún fi kún un. Ìyẹn kì í ṣe àrùn ẹ̀rọ, pàápàá bí nọ́ńbà òkè bá ga tàbí bí ọwọ́ bá mì. Ṣùgbọ́n bó bá ń ṣe é lójoojúmọ́, afẹ́fẹ́ ló ń jò. Ibi tí ó ti máa ń jò jù ni ẹnu ike tí rọ́bà fi wọ ara ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà ibi tí rọ́bà ti wọ kọ́ọ̀fù, torí pé ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń ká a mọ́ra tí wọ́n bá ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ wé kọ́ọ̀fù mọ́ ìgò líle kan, ẹ tẹ ẹ̀rọ, kí ẹ fi ìka tó ní ọṣẹ díẹ̀ pa oríkèé rọ́bà. Ibi tó bá ń yọ ìfófó ni ihò wà. Ẹ má jẹ́ kí omi wọ inú ẹ̀rọ. Rọ́bà tó ti là, ẹ pààrọ̀ kọ́ọ̀fù náà lódindi, ẹ má fi téèpù lẹ̀ ẹ́, torí kò ní pẹ́ tó fi máa tún jò.

Lẹ́yìn ìyẹn, bátìrì. Mẹ́rin oní-1.5 fóòtì (volt, ìwọ̀n agbára iná) máa ń jẹ́ 6 fóòtì. Àwọn tí à ń gba iná sí, 1.2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, 4.8 ni gbogbo wọn. Ẹ̀rọ mìíràn á máa pariwo pé bátìrì ti kú nígbà tó ṣì kún. Kí gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ irú kan náà, kí wọ́n jọ jẹ́ tuntun. Bí ẹ kò bá ní lò ó fún oṣù kan tàbí méjì, ẹ yọ wọ́n, torí omi inú wọn máa ń jẹ irin tí wọ́n fi ń dìí mú.

Lọ́dún kan tàbí méjì, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè fi ìwọ̀n tó dájú yẹ̀ ẹ́ wò. Bí afẹ́fẹ́ inú kọ́ọ̀fù bá fi ju 3 mmHg yàtọ̀ sí ti ìwọ̀n náà, kò yẹ ní lílò mọ́. Tí ẹ bá sì fẹ́ ra òmíràn, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò lórí èèyàn gẹ́gẹ́ bí ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 81060-2. Ìlànà yẹn ní kí wọ́n lo èèyàn 85 ó kéré tán, kí àṣìṣe gbogbogbòò má ju 5 mmHg lọ. Orúkọ ńlá tàbí fóònù tó bá a sọ̀rọ̀ kò rọ́pò ìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Wọ́ọ̀dù:
Àmì ọkàn tó ń ṣẹ́jú, ẹ má fojú di í. Ẹ̀rọ ń sọ pé ọkàn kò lù déédéé. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ló mì. Ṣùgbọ́n bó bá ń yọ lemọ́lemọ́ nígbà tí ẹni náà jókòó jẹ́ẹ́, ẹ sọ fún dókítà kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn ṣe ń lù, torí pé irú àìdéédéé kan wà tó ń fa rọpárọsẹ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé tí ọkàn bá ń lù bẹ́ẹ̀, góńgó tí ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé yẹn á máa ṣe ségesège, nọ́ńbà á máa fò. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ ro ó pọ̀, kí ẹ pín in.

Èyí tí a kò tíì sọ: ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ wọn apá méjèèjì. Èyí tó bá ga jù ni ẹ óò máa lò títí lọ. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ń kọjá 10 ní gbogbo ìgbà, ẹ jẹ́ kí dókítà gbọ́. Ẹ má wọ̀n ọ́n ní apá tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún aláìsàn kíndìnrín, tàbí apá ìhà tí wọ́n ti yọ kókó abẹ́ apá nítorí jẹjẹrẹ ọmú. Aláboyún kò gbọdọ̀ lo ẹ̀rọ tí wọn kò dán wò lára aláboyún. Fún un, 140/90 ti tó láti pe nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn, 160/110 sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn kíá.

Fún ẹlòmíràn, bí ẹ bá rí ju 180 lókè tàbí ju 120 nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá ṣì wà bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dùn ún, bí kò bá lè mí dáadáa, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ, bí ẹnu bá wọ́, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, bí ojú bá ṣókùnkùn, ẹ má tún un wọ̀n mọ́. Ilé ìwòsàn ni.

Olùtọ́jú_Àgbà:
Ọlọ́run á san án fún yín. A ti wọn apá: 35 sẹ̀ǹtímítà. Kọ́ọ̀fù tó bá ẹ̀rọ wá, 22 sí 32 ló wà lára rẹ̀. Ọ̀la la máa béèrè fún ńlá, nígbà tó bá dé la máa bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ 7. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé gbogbo àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ ló ń sọ pé January 1 ni.

Atúnẹ̀rọṣe:
Bí a bá yọ bátìrì, ó máa ń gbàgbé ọjọ́. Ẹ tẹ bọ́tìnì aago mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá bíi mẹ́ta títí ọdún á fi máa ṣẹ́jú, kí ẹ tún un tò: ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí. Bó bá ní bọ́tìnì fún ẹni 1 àti ẹni 2, kí àgbà náà máa lo 1, kí ẹlòmíràn nínú ilé má tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ sì pa àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́ rẹ́, kọ́ọ̀fù kékeré ló gbé wọn jáde.